Omi Tí Wọ́n Fi Wẹ Ọkọ̀ Mi Ṣáájú Gálílì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe, torí èyí tí ẹ ṣe yẹn, bí ẹ ṣe ṣe fún bọ̀ọ̀dá tó wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tì tó sì rí i lábẹ́ tìmùtìmù náà nìyẹn. Tèmi ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Halelúyà! Ẹ ṣeun, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Fọlákẹ́ tó ń gbé ní Mayfair, tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ní yunifásítì, tó sì máa ń pẹ́ dé ìpàdé àdúrà. Ẹni tí kò bá mọ ojú mi, á mọ ọkọ̀ mi. Ọkọ̀ ojú omi funfun tó wà lábẹ́ igi máńgòrò létí títì ni, èyí tí gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí yunifásítì máa ń yọrùn wò. Ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Nóà. Mo gbọ́, kò bí mi nínú. Nóà ò burú, ọkọ̀ tirẹ̀ ò jò. Ọ̀rọ̀ jíjò yìí gan-an ni mo dìde láti sọ. Ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde tó kọjá yìí, àwọn ọmọ ìjọ yìí ni mo fẹ́ kó sínú ọkọ̀ náà, Fọlákẹ́ tèmi ni ì bá sì jókòó sí iwájú pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí mi. Apẹja ni bàbá mi, etí ọ̀sà la kọ́lé sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ohùn omi ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ kí n tó gbọ́ ohùn ìyá mi. Bàbá mi kú, mo wá iṣẹ́ wá sí Ifẹ̀, ọdún kejìdínlógún rèé. Ifẹ̀ gbà mí, Ifẹ̀ fún mi níyàwó, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí à ń fi ẹkún bẹ Ọlọ́run, Ifẹ̀ náà la ti bí Fọlákẹ́. Mi ò lè ráhùn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sà ní Ifẹ̀. Nígbà míì tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́, tí kùrukùru bá bo àwọn òkè yẹn, ojú mi á rí i bí omi. Màá dúró sójú títì, màá máa wò ó. Ọlọ́kadà kan ti bi mí rí pé ṣé àwọn èèyàn mi mọ̀ pé mo jáde.

Òyìnbó kan wà tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, òun ló ni ọkọ̀ náà. Ó máa ń fi gbafẹ́ lórí omi dáàmù yunifásítì nígbà tí nǹkan ṣì rọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e kalẹ̀, ọdún mẹ́fà sì ni oòrùn àti òjò fi ń bá a wí. Nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó ti rí i pé ojú mi ò kúrò lára ọkọ̀ yìí, ó bá fi í sílẹ̀ fún mi. Ó wá kìlọ̀. Ó ní ọkọ̀ àlòkù ni o, ó ní n ò gbọdọ̀ gbé e sómi àfi tí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀. Mo ní yẹ́ẹ̀sì sà. Mo gbọ́ ọ yékéyéké.

Ẹ wá wo bí àṣìṣe ṣe wọlé. Èdè wa ló fà á, tàbí kó jẹ́ orí tèmi. Ọkọ̀ là ń pe èyí tó ń sáré lórí títì, ọkọ̀ náà là ń pe èyí tó ń léfòó. Òyìnbó ní kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ wò ó, èmi náà bá wá ẹni tó mọ̀ nípa ọkọ̀ lọ. Mo so ó mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ mi kan, ó di ọ̀dọ̀ Múfú Pánẹ́ẹ̀lì ní Ìlàrè, ẹni tó máa ń bá wa tún ara mọ́tò ṣe. Ẹ ò rí i pé mo ya ọ̀mọ̀wé!

Múfú yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó fi ìka kàn án kó kó kó, ó rí ibi tó ti là. Ó ní, “Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe fẹ́ ẹ?”

Mo ní, “Kó dán.”

Ó ní, “Ṣé kó dán nìkan? Ọkọ̀ ni ọkọ̀. Ẹ lọ sinmi.”

Ó po bọ́dì fílà, àtè tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò, ó fi dí gbogbo ibi tó là, ó fá a dọ́gba, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun, ó wá fa ìlà búlúù kan yí i ká. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbé e, omi bọ́ lójú mi. Ọkọ̀ náà ń dán gbinrin bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo gbé e dé abẹ́ máńgòrò, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ìyàwó mi ní ṣé kí òun gbé oúnjẹ mi wá síbẹ̀.

Ẹ mọ bí Gálílì tiwa ṣe máa ń rí. Bó bá di Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, a ó se ìrẹsì, a ó se mọ́ínmọ́ín, a ó lọ jókòó sórí pápá gbígbẹ, a ó ní a wà ní Gálílì. Gálílì tí ò ní omi ẹyọ kan! Èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́, ó máa ń dùn mí. Lọ́dún yìí mo lọ bá Pásítọ̀, mo ní kí a lọ sí etí dáàmù, mo ní màá gbé ọkọ̀ mi wá. Àwọn ọmọ á wọ aṣọ funfun, a ó máa kó wọn yí orí omi po, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń kà nínú Bíbélì. Pásítọ̀ ní àbá náà dùn. Àwọn ọmọ gbọ́, ó parí. Wọn ò jẹ́ kí n rójú mọ́. Bí mo bá ṣe yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n á ti pagbo yí mi ká: “Dádì Fọlákẹ́, ó ku ọjọ́ mélòó?”

Ìgbà yẹn ni àlá bẹ̀rẹ̀.

Mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé nínú oòrùn. Iná ò ní sí, fáànù ò ní yí. Màá lọ gun ọkọ̀ náà lábẹ́ máńgòrò, màá na ẹ̀yìn sórí ìjókòó rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á máa mi ewé, òjìji ewé á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lára ọkọ̀, bí ẹni pé orí omi ni mo wà. Oorun á gbé mi lọ. Nínú oorun yẹn, gbogbo Mayfair ti di ọ̀sà. Omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mò ń rí òrùlé páànù nísàlẹ̀ rẹ̀, mò ń rí títì, mò ń rí àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́ lábẹ́ omi, láìsí ariwo kankan. Ẹ̀rù ò bà mí. Ká sọ òótọ́, ó dùn mọ́ mi. Bàbá mi wá ń bọ̀ láti ọ̀nà yunifásítì, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó gbé korobá dání. Kò kí mi. Ó bu omi, ó dà á sínú ọkọ̀ mi. Ó tún bù, ó tún dà á. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ rì mí ni?” Ó ń dà á lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń bomi rin ẹ̀fọ́. Ibẹ̀ ni mo jí sí, gbogbo ọrùn mi tutù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lá a. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bàbá mi da omi tán, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí abẹ́ ọkọ̀ náà, ó wá mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jáde, ó fi hàn mí. Omi wà níbẹ̀, ó ń dán. Ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá gbàgbé iṣẹ́ tó rán mi.

Ẹ̀yin ará, kí ni onígbàgbọ́ máa ń ṣe tó bá rí òkú lójú àlá, tí òkú sì ń da omi lé e? Ẹ dá mi lóhùn! Ibí yìí ni mo sáré wá. Àwọn jagunjagun àdúrà wa wà níjókòó yẹn, wọn ò ní sẹ́. A gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. A dè é, a tú u ká, a ní kí omi náà padà sórí ẹni tó ń dà á. Mo kígbe títí ohùn mi fi há. Bàbá tó bí mi! Nígbà tó di Ọjọ́ Ẹtì Rere, mo sọ fún ìyàwó mi pé ọ̀rọ̀ àlá ti parí, pé mo ti ṣẹ́gun. Lóòótọ́, n ò tún lá a mọ́. Oorun mi ṣófo bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀la kó jẹ́ Ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ Sátidé náà. Pásítọ̀ fẹ́ wá ya ọkọ̀ náà sí mímọ́ kí a tó gbé e lọ. Èmi rò pé òróró díẹ̀ àti àdúrà ni. Mo kàn gbọ́ orin lójú títì ni, tí mo yọjú, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni. Olúkúlùkù wọn gbé korobá. Màmá Ìlàrè ló ṣáájú wọn. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ wọ́n, àwọn ni ìyá tó dàgbà jù nínú wa, wọn kì í sì í fi èdè Ifẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu nítorí ẹnikẹ́ni. Mi ò ní sín wọn jẹ kí n má baà fi ẹnu Ẹ̀pẹ́ ba ọ̀rọ̀ wọn jẹ́. Wọ́n ní àwọn wá bá mi wẹ ọkọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Màmá, ọkọ̀ ojú omi lèyí. Bó bá di Mọ́ńdè, omi á wẹ̀ ẹ́ títí á fi sú u.”

Màmá ní, “Ṣé ọkọ̀ kọ́ ni?”

Mo ní, “Ọkọ̀ ni mà.”

Wọ́n ní, “Ṣé kì í ṣe pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ní i ni?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

Wọ́n ní, “Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọkọ̀, à ń bá a wẹ̀ ẹ́ ni. Omi tiwa ló máa kọ́kọ́ kàn án. Kúrò lọ́nà.”

Ìyàwó mi fà mí láṣọ pé, “Bàbá Fọlákẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ayọ̀ ni.” Mo fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n lọ sídìí kànga, wọ́n ń fà, wọ́n ń kọrin. Bí ẹ bá ń wẹ mọ́tò, orí òrùlé lẹ ó da omi sí, á ṣàn wálẹ̀. Ọkọ̀ tèmi ò ní òrùlé. Gbogbo omi tí wọ́n ń dà sókè, inú rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Korobá lórí korobá! Mo ń pariwo pé ó tó, orin wọn bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, omi ti mù ún dé ìjókòó, ojú ọ̀run wà nínú rẹ̀, ewé máńgòrò ń léfòó kiri. Mo dúró, mò ń wò ó. Ọkàn mi kàn rọ̀ lójijì, n ò mọ ìdí rẹ̀. Ó jọ ibi tí mo ti dé rí.

Pásítọ̀ gbàdúrà, ó ta òróró sí iwájú ọkọ̀. A kó wọlé lọ jẹun. Mo ní bí a bá jẹun tán, màá tú kọ́ọ̀kì tó wà nídìí rẹ̀, kí omi lè ṣàn dà nù.

A ò tíì jẹun tán tí Fọlákẹ́ wọlé. Ó ní, “Dádì, ọkọ̀ yín ń tọ̀ sílẹ̀.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ní kọ́ọ̀kì ló dẹ̀ nù un. Mo jáde. Mo yẹ kọ́ọ̀kì wò, ó le gbọ́ningbọ́nin, ibẹ̀ gbẹ. Àárín gbùngbùn abẹ́ ọkọ̀ ni omi ti ń kán. Ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo fọwọ́ bà á. Ohun tí Múfú fi dí i bá yọ sí mi lọ́wọ́, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ò dì, omi sì dà lé mi lápá gbùà. Mo mú ọwọ́ mi jáde. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Omi wà níbẹ̀, ó ń dán.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni mo ti rántí. Ní Ẹ̀pẹ́, bí bàbá mi bá tún ọkọ̀ tó ti gbó ṣe, kì í gbé e sómi. Á fà á sórí iyanrìn, á fi korobá pọn omi kún inú rẹ̀, á jókòó tì í láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi kanrí. Á wá na ọwọ́ sábẹ́, á wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bó bá gbẹ, a ó lọ sódò. Bó bá tutù, ẹnikẹ́ni ò ní wọ̀ ọ́. Ó máa ń sọ fún mi pé, “Ibi tí omi ò bá lè gbà jáde, kò lè gbabẹ̀ wọlé.” Èmi ni mo máa ń bá a gbé korobá yẹn! Mo gbàgbé. Mo lo ogún ọdún nínú ìwé àti láàbù, mo gbàgbé korobá. Bàbá mi wá mi wá sí Ifẹ̀ láti rán mi létí, mo sì gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láti lé e.

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀ yẹn tòun ti aṣọ funfun tí mo wọ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Pásítọ̀ dé, ó ti ọwọ́ bọ ihò yẹn wò. Ìka mẹ́rin gba inú rẹ̀. Ìyàwó mi gbá Fọlákẹ́ mọ́ra, kò fi í sílẹ̀. Màmá Ìlàrè náà wá wò ó. Wọ́n ní, “Ṣé omi tiwa ti wẹ̀ ẹ́ mọ́ báyìí?”

Mo ránṣẹ́ pe Múfú, ó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó fi súkúrù dáráfà gún pákó ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí wọ́n máa ń so ẹ́ńjìnnì mọ́, irin náà wọlé ṣìọ̀ bí ẹni gún àkàrà. Pákó ti jẹrà tán nínú, ọ̀dà ló kù. Mo ní, “Múfú, o fẹ́ pa mí lọ́mọ!” Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹ ní kó dán. Èmi rò pé ẹ fẹ́ tà á ni.”

Mo ní kó dìde. Òótọ́ ló sọ. Kó dán ni mo ní, mi ò ní kó gbẹ. Òyìnbó tún fi ẹ̀wù orí omi mẹ́rin sílẹ̀ fún mi, àwọn tí wọ́n máa ń gbé sọ́rùn kéèyàn má baà rì. Mo ti ká wọn jọ fún àwọn ọmọ. Ìyàwó mi kó wọn sínú àgbá omi tó wà lẹ́bàá kànga. Wọ́n mu omi bíi kànìnkànìn, wọ́n rì lọ ṣàìwẹ̀yìn. A jọ dúró, a ń wò wọ́n nísàlẹ̀.

Ẹ mọ èyí tó kù. A lọ sí Gálílì ní Ọjọ́ Ajé, etí dáàmù náà la lọ, kò sí ọkọ̀. Àwọn ọmọ bínú sí mi, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n gbàgbé. Èmi nìkan ni mo lọ dúró létí omi. Ó tẹ́ rẹrẹ, kò mira, ẹwà rẹ̀ pọ̀. Mo wo àárín rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ì bá ti ṣẹlẹ̀. Lójú mi, mo rí aṣọ funfun wẹ́wẹ́ lórí omi, wọ́n ń léfòó bí òdòdó. Mo pa ojú dé. Lẹ́yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn wọn, wọ́n ń jà nítorí bọ́ọ̀lù. Ariwo yẹn, mo fi jó. Ẹni tó bá rí mi níbẹ̀ á rò pé mo mu nǹkan.

Ọkọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ máńgòrò. Ẹni kan ti ní kí n tà á fún òun bẹ́ẹ̀, mo ní rárá, ọmọ ẹlòmíràn náà ọmọ ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Bó bá ṣe é tán, ẹ̀yin ìyá, ẹ gbé korobá yín wá. A ó pọn ọ́n kún, a ó jókòó tì í títí oòrùn á fi kanrí. Kí ọmọ ẹnikẹ́ni tó kàn án, àtẹ́lẹwọ́ mi ló máa kọ́kọ́ kàn án.

Bàbá mi, ẹ foríjì mí. Mo tú ìdè tí mo fi dè yín, níwájú ìjọ tí mo ti dè yín. Olúwa tó rán yín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí i pé n kò gbọ́ ti ẹni tó rán wá lójú àlá, ó bá rán Màmá Ìlàrè, ẹni tí kò sẹ́ni tó lè bá wọn jiyàn.

Ó ku ohun kan kí n tó jókòó. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ bá mi wọ ọkọ̀ ní Gálílì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde dúró. Gbogbo yín. Fọlákẹ́, ìwọ náà dìde. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ gun orí bẹ́ńṣì kí ìyá yín lè rí yín.

Ẹ̀yin ará, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, n ò ní kà wọ́n. Ẹ ṣáà máa wò wọ́n. Aṣọ wọn gbẹ. Ẹni tó bá mọ inú rò, kó bá mi jó!